Ta Ni A Ń Tan Àbẹ́là Fún?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kò ti inú ìwé bẹ̀rẹ̀. Inú ilé ọ̀fọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nílùú Parakou níbí, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a lọ bá àwọn ọmọ ìyá kan kẹ́dùn. Ìyá wọn, tí ó ti ta aṣọ ní ọjà Arzèkè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó sùn tí kò jí mọ́. Ọmọ mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀ sáyé lọ. Àkọ́bí jẹ́ ọkùnrin, ìjọ àwọn ajíhìnrere ni ó ń lọ. Obìnrin ni ó tẹ̀ lé e, òun kò sì kúrò nínú ìjọ Kátólíìkì tí ìyá wọn tọ́ wọn sí. Àbíkẹ́yìn wọn ni ó ń wọ sùtánà funfun nínú Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá. Ilé kan náà ni wọ́n ti wá, Jésù kan náà ni wọ́n sì ń pè.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin náà gbé àbẹ́là kan wá, tí ó fẹ́ gbé e sí ìhà orí ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó gbé e kúrò. Ó ní ìyá àwọn ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, pé ẹni tí ó dúró nínú oòrùn kì í béèrè fìtílà, àti pé òun kò ní jẹ́ kí a sọ ilé bàbá òun di ojúbọ. Àbúrò wọn dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá jẹ́ ti ìjọ tèmi ni, ẹyọ kan kò tó." Ohùn ròkè. Àwa àgbà tí a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ń bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu àwa náà kò kò. Ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ olóògbé, ọmọdébìnrin tí kò tíì ju ọdún méje lọ, ti bi wá ní ìbéèrè tí ó pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́: "Ṣé Ọlọ́run kì í ríran nínú òkùnkùn ni?"

Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. A rò pé ó yẹ kí a gbìyànjú láti dá a lóhùn níhìn-ín, nítorí ìbéèrè náà ju ti ọmọdé lọ. Onísáàmù ti jẹ́wọ́ láti ìgbà láéláé pé òru àti ọ̀sán kò yàtọ̀ lójú Ọlọ́run. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni a ń tan àbẹ́là fún? Bí a kò bá sì tàn án fún Ọlọ́run, kí ni ìmọ́lẹ̀ náà ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí a tàn án?

Ọmọ náà kò mọ̀ pé àwọn ńláńlá ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí àwọn baba ńlá wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin, Lactantius, onígbàgbọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Àríwá Áfíríkà, fi àwọn abọ̀rìṣà Róòmù ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń tan fìtílà fún Ọlọ́run bí ẹni pé inú òkùnkùn ni ó ń gbé. Ó ní kí wọ́n gbójú sókè wo oòrùn tí Ọlọ́run dá fún ènìyàn, kí wọ́n tó wá máa gbé iná fìtílà lọ fún ẹni tí ó dá oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́run ń fẹ́, lójú tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọkàn ni. Nígbà tí yóò fi di ọdún 406, àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn ti ń tan àbẹ́là, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Vigilantius, ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí, sì dìde láti bá wọn wí pé kí ni ènìyàn ń fi àbẹ́là ṣe ní ọ̀sán gangan. Jerome, tí ó ń gbé ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù nígbà náà, kọ̀wé gbígbóná sí i. Ó ní ní gbogbo ìjọ Ìlà-Oòrùn, bí wọ́n bá fẹ́ ka Ìhìnrere, wọn a tan àbẹ́là bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Ó ní ayọ̀ ni wọ́n fi ń hàn, pé kì í ṣe òkùnkùn ni wọ́n ń lé.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun kan. Àwọn tí ó takò ó àti àwọn tí ó gbè é, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé Ọlọ́run nílò iná wa. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ohun tí iná náà ń ṣe fún ènìyàn. Nítorí náà, a lè dá apá kìíní ìbéèrè ọmọ wa lóhùn kíákíá: Ọlọ́run ń ríran. Apá kejì ni ó ṣòro.

Èdè wa lè ràn wá lọ́wọ́ níbi tí ó ṣòro náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan wà tí gbogbo wa ń lò láti òwúrọ̀ dé alẹ́, òun ni mọ́. A ní ilẹ̀ mọ́. A ní aṣọ mọ́. A ní ọwọ́ ẹnìkan mọ́, nígbà tí kò sí owó ẹlòmíràn níbẹ̀. Ìgbà tí ojú ọ̀run bá là, a ní ojúmọ́ ti mọ́, ohun tí a sì fi ń kí ara wa nìyẹn. Inú ọ̀rọ̀ kan náà ni ìmọ́lẹ̀ ti jáde. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ sì ń gbé Bíbélì wá sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi pe ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ̀mí Mímọ́ ni a ń wí. Ìwé Mímọ́ ni a ń wí. Ẹ wá wo apá kejì ìwé ìròyìn wa yìí, apá tí a fi èdè Faransé kọ. Àwọn ará wa tí ń kà á yóò rí lumière ní ibì kan, propre ní ibòmíràn, saint ní ibì kẹta, kò sì sí ohun tí ó so ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ létí ẹni tí ń gbọ́ wọn. Lẹ́nu tiwa, ìdílé kan ni wọ́n. Ohun tí ó ń tàn, ohun tí kò ní ìdọ̀tí, àti ohun tí ó jẹ́ ti Ọlọ́run, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni tí ó bá fi èdè Yorùbá pe Jésù ní ìmọ́lẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ mímọ́ àti ọkàn mímọ́ pẹ̀lú, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà gbé wá láti ìjọ wọn, nítorí kò sí èyí tí ó gbé òfìfo wá nínú wọn.

Ọmọbìnrin náà ti Àìsùn Àjíǹde bọ̀. Ẹni tí ó bá ti wà ní Kàtídírà Péétérù àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Parakou ní alẹ́ Sátidé Mímọ́ yóò mọ ohun tí a ń wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí níbikíbi tí ìjọ Kátólíìkì wà. A ó pa gbogbo iná inú ilé ìsìn. A ó dá iná titun síta. A ó gbé àbẹ́là ńlá kan wá, a ó fín àgbélébùú sí i lára, pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn Gíríìkì àti òǹkà mẹ́rin tí ó jẹ́ ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀. A sì lè fi hóró tùràrí márùn-ún gún un bí ojú ọgbẹ́ márùn-ún. A ó tàn án láti ara iná titun náà, a ó sì gbé e wọ inú òkùnkùn lọ, a ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà, ẹni tí ó gbé e yóò sì máa kéde pé ìmọ́lẹ̀ Krístì ti dé. Láti ara ẹyọ kan náà ni gbogbo ìjọ yóò ti tan tiwọn, ẹnìkan fún ẹnìkejì, títí gbogbo ilé yóò fi kún fún ojú ènìyàn. Orin gígùn tí a ń kọ sí àbẹ́là náà kò gbàgbé oyin tí ó fi ìda rẹ̀ ṣe é, àwa ará Borgou tí a mọ iyì oyin ìgbẹ́ kò sì yẹ kí a gbàgbé wọn.

Ó tọ́ kí a rántí pé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n ń ṣe ìsìn òru yìí, tí oòrùn ti ń ràn. Wọ́n ń kọrin òru ní ọ̀sán. Póòpù Pius Kejìlá ni ó dá a padà sí alẹ́, ní ìdánwò ní 1951, tí ó sì di àṣẹ fún gbogbo ìjọ láti 1956. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìdápadà yìí. Ènìyàn ní láti kọ́kọ́ gbà láti dúró nínú òkùnkùn, kí ó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí àbẹ́là tó lè sọ ohunkóhun fún un. Àwọn àgbà ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Nínú Àìsùn Àjíǹde, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti alágbàṣe jọ ń dúró de ọwọ́-iná kan náà ni.

Àbíkẹ́yìn náà gbé ìtàn tirẹ̀ wá, ìtàn náà kò sì jìnnà sí wa rárá. Orílẹ̀-èdè wa yìí ni ìjọ rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1947, oṣù bo oòrùn lójú, ọ̀sán sì di òru lórí Dahomey àti lórí àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká. Ìtàn ìjọ náà sọ pé nígbà òkùnkùn ọ̀sán yìí ni ìpè dé bá Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Porto-Novo, nínú igbó tí ó ti lọ wá igi, àti pé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni a dá ìjọ náà sílẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu pé ìjọ tí a bí nígbà tí oòrùn wọ òkùnkùn fi ọwọ́ pàtàkì mú iná. Àbẹ́là méje ni wọ́n ń tàn lórí pẹpẹ, ní ìrántí fìtílà méje tí Jòhánù rí níwájú ìtẹ́ nínú Ìwé Ìfihàn. Wọn kì í wọ bàtà wọlé, aṣọ funfun ni wọ́n sì ń wọ̀. Ẹni tí ó wọ funfun lọ síwájú iná kò ní ibi tí yóò fi ìdọ̀tí pamọ́ sí. Mọ́ ti aṣọ àti mọ́ ti ìmọ́lẹ̀ tún pàdé níbẹ̀.

Àkọ́bí náà ńkọ́? Àwọn kan nínú wa bínú sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti le jù. Ṣùgbọ́n ìlú wa yìí jẹ́ ibùjókòó àwọn ajíhìnrere, a sì mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Wọ́n ní Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni fìtílà fún ẹsẹ̀ onígbàgbọ́, wọ́n ní Jésù kò rán ẹnikẹ́ni láti tan ìda. Ó sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé àwọn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ayé. Ìkìlọ̀ wọn kì í ṣe ti asán. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tí ó ń yan àwọ̀ àbẹ́là fún owó, tí ó ń ka iye èyí tí yóò jó lórí orúkọ ọ̀tá? Èdè wa tún ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbí: iná ni ó ń jóni, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń fi ọ̀nà hanni. Ẹni tí ó tan àbẹ́là kí ẹlòmíràn lè jóná ti mú iná, ó sì ti ju ìmọ́lẹ̀ nù. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, àkọ́bí náà jàre.

Alàgbà kan tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n olóògbé, Mùsùlùmí tí ó ti lọ sí Mẹ́kà, ni ó parí ìjà náà. Ó ti ń gbọ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó rán wa létí pé nínú Kùránì pẹ̀lú, súrà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀, kò sì rò pé òun ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún àwọn ọmọ àbúrò òun bí wọn yóò ṣe sin ìyá wọn. Ó kàn béèrè pé, "Níbo ni ẹ ó ti ka Bíbélì yín ní òru yìí?" Wọ́n fi tábìlì kan hàn án lábẹ́ àtíbàbà, níbi tí iná gílóòbù kò dé dáadáa. Ó ní kí wọ́n gbé àbẹ́là náà síbẹ̀. Àkọ́bí náà rò ó, ó sì gbà, nítorí òun ni ó fẹ́ kàwé. Báyìí ni ó ṣe ka Ìhìnrere Jòhánù lójú àbẹ́là tí àbúrò rẹ̀ obìnrin rà, tí àbíkẹ́yìn wọn sì fi ọwọ́ bo iná náà kí afẹ́fẹ́ má ba à pa á.

A kò mọ̀ nígbà náà bóyá ó yé ẹnikẹ́ni pé ìwà ìlú wa ni ó hàn yẹn. Fìtílà, ọ̀rọ̀ tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá wọlé sí wa láti inú èdè Lárúbáwá, ọ̀nà aṣálẹ̀ ni ó gbà dé. Àbẹ́là, tí àwọn onímọ̀ èdè sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni ó ti wá, etí òkun ni ó ti gòkè. Parakou ni ibi tí ọ̀nà méjèèjì pàdé, ojú irin tí ó ti Cotonou wá sì parí sí ibẹ̀. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, àtùpà amọ̀ tí a bu epo tàbí òrí sí ni a ń tàn. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun èlò, ṣùgbọ́n òkùnkùn kan náà ni gbogbo wọn ń bá wí.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, a kì bá tí kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ náà ṣí àpótí ìyá wọn, wọ́n sì rí ìwé àjákọ kan. Ìyá náà ni ó ń gba àjọ fún àwọn obìnrin kan nínú ọjà. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, owó tí oníkálukú dá wà níbẹ̀, ó sì hàn gbangba pé nígbà tí àìsàn mú ìyá náà, ó ti ná lára owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kò mọ̀wé. Ẹ̀rí tí wọ́n ní kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu olóògbé lọ.

Ẹ̀yin ará, àwọn ọmọ mẹ́ta tí ẹnu wọn kò kò lórí àbẹ́là kan ṣoṣo, ẹnu wọn kò lórí ìwé yìí kíákíá. Wọ́n ní kí a dá a padà sínú àpótí. Wọ́n ní kí a bo àṣírí ìyá àwọn. Àwa àgbà tí wọ́n pè sí i, kí a má purọ́, a mi orí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí wa. Àwa Yorùbá kò ní àdúrà tí a fẹ́ràn ju kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí lọ, ẹni tí ó bá sì tú àṣírí òkú ti di ẹni ìtanù.

Ibí yìí ni a ti rí i pé ìbéèrè ọmọdébìnrin náà kò tíì kúrò lọ́rọ̀ wa. Ìgbàgbọ́ tí ó fi ìmọ́lẹ̀ ṣe orúkọ Ọlọ́run, àti ìwà ọmọlúàbí tí ó ní kí a bo àṣírí, ǹjẹ́ wọ́n lè gbé inú ilé kan? Ṣé kí onígbàgbọ́ máa tú gbogbo nǹkan síta ni, tàbí kí ó máa bò ó?

A padà sínú Ìwé Mímọ́, a sì rí i pé ó mọ ohun méjèèjì. Nígbà tí Nóà mutí yó tí ó sì wà ní ìhòòhò, Ṣẹ́mù àti Jáfẹ́tì fi ẹ̀yìn rìn wọlé láti bò ó, Ìwé Mímọ́ sì yìn wọ́n. Jósẹ́fù kò fẹ́ dójú ti Màríà ní gbangba, a sì pè é ní olódodo nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáfídì pa Ùráyà tí ó sì gba aya rẹ̀, Ọlọ́run kò bò ó. Ó rán Nátánì wòlíì sí i, ó ní ohun tí ó ṣe níkọ̀kọ̀ ni òun yóò mú wá sójú oòrùn. Kí ni ìyàtọ̀? Ìhòòhò Nóà kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ni ìtìjú náà bò. Àṣírí Dáfídì dúró lórí òkú ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí a tó bo àṣírí, ó yẹ kí a béèrè pé: aṣọ tí a fẹ́ fi bò ó yìí, ara ta ni a ti bọ́ ọ? Bí ó bá jẹ́ aṣọ tiwa ni a fi bo ẹni tí ojú ń tì, ìfẹ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ara aláìní ni a ti bọ́ ọ, òkùnkùn nìyẹn, bí a tilẹ̀ pè é ní ọmọlúàbí. Ìwé tí ó wà nínú àpótí ìyá náà, bí a bá tì í pa, àwọn obìnrin ọjà ni yóò san owó ìbòrí rẹ̀.

Nígbà tí a sọ èyí, ọmọbìnrin náà sunkún. Ó béèrè pé ṣé kí àwọn wá máa ka gbèsè ìyá àwọn láàárín ọjà ni? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, àwa kò sì ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́. Àbíkẹ́yìn ni ó rí ọ̀nà. Ó ní kí a má ṣe kà á lójú ọjà, ó ní kí a má sì tì í pa. Kí a pe àwọn obìnrin náà wá sílé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kí a ṣí ìwé sí ojú ewé tí ó jẹ́ ti ẹni náà, kí a kà á fún un. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ti ẹlòmíràn. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó níbẹ̀, kí wọ́n sì sọ bí àwọn yóò ṣe san án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Àwọn obìnrin mìíràn dárí jì wọ́n, àwọn mìíràn kò dárí jì wọ́n, wọ́n ní àwọn yóò gba owó àwọn pé. Wọn kò jẹ̀bi. Àkọ́bí náà ta ọ̀kadà rẹ̀ kan láti fi bẹ̀rẹ̀. Títí di àkókò tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò tíì san án tán.

A ti rò ó pẹ́ lẹ́yìn náà, ó sì dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni a ti rí ìdáhùn tí a ń wá. Oòrùn ọ̀sán ń tú ohun gbogbo síta fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè dójú tini. Òkùnkùn ń bo olè àti ẹni tí olè jà pọ̀ láìṣe ìyàtọ̀. Àbẹ́là kò rí bí èyíkéyìí nínú wọn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé kò ju ojú ìwé kan lọ, kò ju ojú ẹni tí ó súnmọ́ ọ lọ. Ẹni tí ó bá sì gbé e lọ́wọ́, ojú tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń tàn sí. Ẹ wò ó nínú Àìsùn Àjíǹde tí ó ń bọ̀: kí ẹ tó rí ẹlòmíràn, àwọn ẹlòmíràn ti rí yín. Kò sí ẹni tí ó lè gbé àbẹ́là kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ pamọ́.

Nítorí náà, a lè wá pe ọmọbìnrin wa kékeré náà jókòó, kí a sì dá a lóhùn. Ọmọ wa, Ọlọ́run ń ríran nínú òkùnkùn. Ó rí ìwé tí ó wà nínú àpótí ìyá rẹ àgbà kí àwa tó rí i. Àwa ni a kì í ríran, nígbà mìíràn ó sì máa ń wù wá kí a má ríran. A ń tan àbẹ́là kí a lè rántí pé a ti rí wa tẹ́lẹ̀, kí ó lè rọ̀ wá lọ́rùn láti ṣí ìwé wa fúnra wa kí ẹlòmíràn tó wá ṣí i. Bí ẹnìkan bá tan méje, ó dára. Bí ẹnìkan bá tan ẹyọ kan, ó dára. Bí ẹnìkan kò bá tan ìkankan, tí ó ka Ọ̀rọ̀ tí ó sì pa á mọ́, òun náà kò sí nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tan méje lórí pẹpẹ, tí ó sì ti ìwé àwọn obìnrin ọjà pa mọ́ inú àpótí, ilẹ̀ kò tíì mọ́ nílé rẹ̀.

A gbọ́ pé àkọ́bí náà kò tíì tan àbẹ́là kankan nílé ara rẹ̀ títí di òní, a kò sì retí pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, ó máa ń pe àbúrò rẹ̀ méjèèjì wá, wọn a gbé ìwé àjákọ náà sórí tábìlì, wọn a sì fa ìlà sórí orúkọ ẹni tí wọ́n ti san owó rẹ̀ tán.